Àwọn Kòtò Ọ̀nà Ìmálà

Kí ọ̀dà tó dé, a kì í fi máìlì ka ọ̀nà yìí,
orúkọ la fi ń kà á.
Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Láfẹ́nwá,
tó fo ojú irin, tí odò Ògùn wà lẹ́yìn ẹni,
kòtò tó kọ́kọ́ kí ọ ń jẹ́ Ó-dàbọ̀-Ìgboro.
Á gbé ọ nílẹ̀, á tún ọ jókòó,
wàá mọ̀ pé oko lò ń lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni Fọ́-Ẹyin.
Ọdún Iléyá ku ọ̀la, kéréètì mẹ́fà,
Sàfúrátù jókòó sí bèbè omi pupa, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ó ní òun ò ní í sunkún
lójú awakọ̀ tó ṣì jẹ òun lówó.

Awakọ̀ ọ̀hún, bàbá mi ni.
Dátísọ̀n rẹ̀, ilẹ̀kùn kan irin, ilẹ̀kùn kan pákó,
ó kó ẹ̀gẹ́ Abà Ṣówùnmí, ó kó tòmátì Ìgbó-Olówò,
ó kó ọsàn tó ń yí gbirigbiri
bí ọmọ tí wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́,
ó kó ewúrẹ́ kan tó jẹ fìlà alága.
Lọ́jọ́ ọjà, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì,
a ti wà nísàlẹ̀ Gbé-mi-tì-í,
èmi lẹ́yìn ọkọ̀, òkúta lọ́wọ́ mi láti fi há táyà.
"Tì!"
"Mo ń tì!"
Bí ẹrẹ̀ bá ti ta sí mi lẹ́nu, mo ti mọ̀
bóyá Ìmálà lòjò àná ti rọ̀ ni, tàbí Rọ́ńdà.
Ilẹ̀ Ìmálà dùn. Ti Rọ́ńdà ní iyanrìn.

Tàbí kí n sọ ti Abíọ́nà.
Láàárín àpò ẹ̀gẹ́ ni Fadérẹra bí i sí
nígbà tí táyà kọ̀ tí kò jáde.
Ìyá tó ń ta ẹ̀pà létí kòtò ló gbẹ̀bí rẹ̀,
ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n yọ́ níná kí wọ́n tó gé ìwọ́.
Kòtò ń jẹ́ Abíọ́nà, ọmọ ń jẹ́ Abíọ́nà.
Ọmọ ti lọ sí Ìjẹ̀bú, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.
Kòtò ò kúrò.

Àfi lọ́dún tó kọjá tí katakata dé.
Ọjọ́ mọ́kàndínlógún.
Ó fi amọ̀ dí Fọ́-Ẹyin lẹ́nu,
ó tẹ́ Gbé-mi-tì-í pẹrẹsẹ,
ọ̀dà dúdú, ìlà funfun láàárín rẹ̀ bí ojú irun dídì.
A jó. Kí n má purọ́, a jó.
Ẹrù tó ń gba àárọ̀ dọ̀sán
kò gbà ju ìgbà téèyàn fi ń jẹ búrẹ́dì kan lọ.
Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ò dúró kì í ra ẹ̀pà.
Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyá ẹlẹ́pà kó àwo rẹ̀ wọlé.

Lánàá mo gbé bàbá mi lọ wo oko.
Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ìdí ló fi ń ríran lójú ọ̀nà,
ìdí ò sì rí nǹkan kan.
"Ṣé a ti dé Abíọ́nà?"
Mo ní a ti kọjá rẹ̀.
"Ta ló sọ fún ọ?"
N ò lésì.

Nígbà tó yá mo tẹ bíréèkì.
Àwọn obìnrin Abà Ṣówùnmí ti rí i
pé ọ̀dà gbóná ju àpáta lọ:
wọ́n sá láfún sórí ìdajì títì,
ó funfun títí dé ìyànà,
òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò yí i ká,
ọmọdé kan mú igi dání, ó ń lé adìyẹ.
Àwa àti akẹ́rù kan ń dúró de ara wa.
Bàbá mi yọrí síta, ó fa imú.
"Ìyàwó Adégún ni. Ìkánjú rẹ̀ ò lọ.
Kì í rẹ ẹ̀gẹ́ dọ́jọ́ kẹrin."
Ó wá bi mí pé kí la máa ń pe ibí yìí.

Ọmọ adìyẹ ló dá a lóhùn, ó na igi sí wa:
"Ẹ yà! Ẹ yà fún láfún!"

Bàbá mi ní ó dáa.
Ó tẹ àtàńpàkò mọ́ ìka kan, ó ka ìyẹn,
ó ní kí n rọra máa wà á lọ.